Ọmọ yín fẹ́ gbá tẹ́níìsì bíi Nishikori? Bẹ́ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn rèé

Ẹ má tíì ra rákẹ́ẹ̀tì kankan fún ọmọ yẹn o. Mo mọ̀ pó ti wo Kei Nishikori, agbátẹ́níìsì ọmọ Jàpáànù yẹn, lórí fóònù yín, ó ti rí ibi tí ọkùnrin yẹn ti fò kúrò nílẹ̀ tó sì fi forehand, ìyẹn fífi àtẹ́lẹwọ́ síwájú gbá, gbá bọ́ọ̀lù lókè téńté, ọmọ náà ti ń fi ìgbákọ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri yàrá, ẹ̀yin náà ti ń ṣírò iye tẹ́ẹ máa mú lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ná, torí ibi témi ti ṣe àṣìṣe gan-an nìyẹn.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 7, mo lọ ra rákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà fún un, 27 ínṣì, mo ní á dàgbà bá a, bá a ṣe máa ń ra bàtà sùkúù tó tóbi díẹ̀ kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ. Kóòṣì tí mo fà á lé lọ́wọ́ ò sọ nǹkan kan sí i, ojoojúmọ́ ló ń ní kó gbá sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù àkọ́gbá tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, ọgọ́rùn-ún, ó tún di ọgọ́rùn-ún mìíì, bọ́ọ̀lù àgbà ló sì ń gbá. Oṣù mẹ́ta ò tíì pé, a jókòó ti àmàlà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wojú abọ́, mo rí i pé ọwọ́ òsì lọmọ yìí fi ń bu òkèlè. Mo ti lanu kí n jágbe mọ́ ọn kí n tó rí apá ọ̀tún ẹ̀, ó gbé e mọ́ ìhà bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókùúta, kò lè ká a dé ẹnu. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni mo fi ka ìtàn Nishikori látìbẹ̀rẹ̀, torí mo gbọ́ pé ìgbọ̀nwọ́ ló kọ́kọ́ dá òun náà dúró, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló sì yí gbogbo bí mo ṣe ń ṣe é padà.

Matsue ni wọ́n bí i, ní Shimane ní Jàpáànù, lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá 1989. Ìlú yẹn jìnnà sí Tokyo gan-an. Ọmọ ọdún 5 ló wà tí bàbá ẹ̀ ti Hawaii dé tó ra rákẹ́ẹ̀tì wá fún un, rákẹ́ẹ̀tì ọmọdé o. Mo tún gbólóhùn yẹn kà bí ìgbà mẹ́ta, inú mi sì bà jẹ́.

Nítorí náà rákẹ́ẹ̀tì lẹ máa kọ́kọ́ yanjú. Ẹ jẹ́ kọ́mọ dúró ṣánṣán, kó di rákẹ́ẹ̀tì mú níbi tí wọ́n ti ń dì í, kó na apá sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Tórí rákẹ́ẹ̀tì bá ti ń gúnlẹ̀, ó gùn jù nìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ọmọ ọdún 5 sí 6, 19 tàbí 21 ínṣì ló máa tó o, ọdún 7 sí 8 ẹ wá 23, ọdún 9 sí 10 ẹ wá 25, lẹ́yìn ìyẹn 26 kó tó wá kan 27 tàwa àgbà. Kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun. Òkirikà ni mo rà nígbà kejì, mo fọwọ́ te okùn ẹ̀ bóyá ó ti dẹ̀, mo wo férémù ẹ̀ yíká bóyá ó ti sán, mo wá ní kí wọ́n bá mi wé ibi ọwọ́ ẹ̀ tuntun, ó tán.

Bọ́ọ̀lù ló kàn, èyí làwọn òbí kì í kà sí rárá. Bọ́ọ̀lù yẹ́lò tẹ́ẹ̀ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n máa ń ta kọjá orí ọmọ kékeré, ọmọ á wá máa na ọwọ́ sókè gbá gbogbo bọ́ọ̀lù, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ ló máa jìyà ẹ̀. Àjọ ITF tó ń darí tẹ́níìsì lágbàáyé ti fòfin dè é láti 2012 pé wọn ò gbọdọ̀ fi bọ́ọ̀lù yẹ́lò gidi ṣe ìdíje ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀. Pupa lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ó lọ́ra ju yẹ́lò lọ dáadáa, tó bá tó bí ọmọ ọdún 8 ẹ gbé e sórí aláwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn ìyẹn aláwọ̀ ewé, kó tó wá kan yẹ́lò. Tẹ́ẹ bá wá a tì láàárín ìgboro, ẹ ra èyí tí wọ́n fi fóòmù ṣe, àbí kẹ́ẹ lọ bẹ àwọn tó ń gbá ní kóòtù pé kí wọ́n fún yín ní bọ́ọ̀lù tó ti kú lọ́wọ́ wọn. Èyí tó ti kú ò dà bíi pupa gidi o, torí ìwúwo ẹ̀ ò yí padà, ṣùgbọ́n kì í ta sókè mọ́, ọmọ á lè gbá a níbàdí ẹ̀.

Kóòtù ńkọ́? Ẹ ò nílò kóòtù lọ́dún àkọ́kọ́. Kóòtù àgbà gùn tó 23.77 mítà, tàwọn ọmọ tó ń gbá pupa lè jẹ́ bíi 11 mítà, kó fẹ̀ tó bíi mítà 5 ààbọ̀, ọ̀pọ̀ kọ́ḿpáùǹdì n'Ìbàdàn ló gba ìyẹn. Èmi fi ẹfun fa ìlà sórí sìmẹ́ǹtì ilé wa l'Ápẹ̀tẹ̀, mo so okùn ìsáṣọ mọ́ igi máńgòrò níbì kan mo so ìyókù mọ́ òpó géètì, mo wọ̀n ọ́n kó ga ní 80 sẹ̀ǹtímítà, mo wá fi àwọn ìró àtijọ́ kọ́ ọ kí bọ́ọ̀lù má máa gba abẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ gbálẹ̀ ibẹ̀ dáadáa ṣá o, àgàgà lásìkò ọyẹ́, eruku yẹn máa ń yọ̀ lábẹ́ bàtà ju omi lọ. Ìdájí ni kẹ́ẹ máa gbá a, kóòrùn tó yọ tán, wákàtí kan ti tó ọmọ kékeré.

Tó bá wá tó àkókò kóòtù gidi, wọ́n ní in ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ibadan Recreation Club náà ní in, ẹ lọ béèrè. Àmọ́ kẹ́ẹ tó sanwó fún kóòṣì kankan, ẹ lọ jókòó wò ó níbi tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ méjì. Ṣé àwọn ọmọ ń sáré, àbí wọ́n tò sílà ni tẹ́nìkan ṣoṣo ń gbá? Ṣé ó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé níbo ló ń dùn ẹ́? Tó bá jẹ́ pé sáàfù ni gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ wo Nishikori fúnra ẹ̀, 178 sẹ̀ǹtímítà ni gíga ẹ̀, láàárín àwọn òmìrán tó tó mítà méjì ló ti ń gbá, sáàfù ẹ̀ ò fìgbà kan jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, àti bó ṣe máa ń dá sáàfù ẹlòmíì padà lójú ẹsẹ̀, àti backhand ọlọ́wọ́ méjì yẹn, ìyẹn fífi ẹ̀yìn ọwọ́ síwájú gbá, ìyẹn ló gbé e dé ipò 4 láyé ní oṣù Kẹta 2015. Ẹ sọ fún kóòṣì pé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ yín. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ míì tó wúlò tó yẹn.

Àwọn òbí kan máa ń bi mí bóyá kí wọ́n tètè gbé ọmọ lọ sókè òkun. Lóòótọ́ Nishikori kúrò nílé lọ́mọ ọdún 14, ó lọ sí IMG Academy ní Bradenton, Florida, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìrànwọ́ tí Masaaki Morita dá sílẹ̀ ló gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi gbá a nílé kó tó lọ. Tiwa náà ní ọ̀nà míì, Nduka Odizor gba University of Houston lọ, ó ń kàwé ó ń gbá tẹ́níìsì, ní 1983 ó na Guillermo Vilas, ìlú mọ̀ọ́ká agbátẹ́níìsì Argentina, ní Wimbledon, ó sì dé ráùǹdì kẹrin níbẹ̀. Torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọmọ yín pé kó pa ìwé tì.

Ìdíje wá kù. Tọ́mọ bá ti pé ọdún 13, ó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ITF, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní IPIN, ẹ̀yin náà ẹ máa bi Nigeria Tennis Federation ìgbà tí ìdíje bá wà l'Abuja tàbí l'Ekòó. Nínú ìdíje ọmọdé, J30 ló kéré jù, ó ń lọ sókè títí dé J500. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àgbà, M15 àti M25 fọ́kùnrin, ó kan Challenger, ó wá kan ATP gangan, ìdíje ọkùnrin tó wà lókè wọn. Ẹ má bínú tó bá pẹ́ lórí àtẹ̀gùn kan. Nishikori di ọ̀jẹ̀ tó ń gbá tẹ́níìsì jẹun ní 2007, nígbà tó máa fi di oṣù Kejì 2008 ipò 244 ló wà, ó ní láti kọ́kọ́ gbá kúálífáyà kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé sí ìdíje ATP ní Delray Beach, ọmọ ọdún 18, ó wá na James Blake ará Amẹ́ríkà ní fáínà! Láti 1992 tí Shuzo Matsuoka ti gba ife ATP, kò tíì sọ́kùnrin Jàpáànù míì tó rí i gbà títí dọjọ́ yẹn.

Matsuoka yìí kan náà, ipò 46 ló ga jù tó dé, wọ́n wá pe ohun tí wọ́n fẹ́ kí Nishikori lé bá ní Project 45, ìyẹn ni pé kó ṣáà sàn ju ẹni tó ṣáájú ẹ̀ lọ ní ipò kan ṣoṣo. Ó kọjá ẹ̀ ní 2011. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mo ti lẹ irú ẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ọmọ mi, kì í ṣe pé mo kọ Wimbledon síbẹ̀, orúkọ ọmọ kan tó ń na án ní kóòtù ni mo kọ. Ẹni tó bá ní ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kó wo Naomi Osaka tó ń gbá fún Jàpáànù náà, ó na Serena ní fáínà US Open 2018, ife Grand Slam, ìyẹn àwọn ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù láyé, mẹ́rin ló ti gbà, ó sì dé ipò 1 láyé ní oṣù Kìíní 2019.

Èyí tó kù yìí ni mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ kà jù. Lẹ́yìn Delray Beach yẹn, ìgbọ̀nwọ́ dá Nishikori wólẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 2009, nígbà tó máa fi padà ní 2010 ó ti ṣubú kọjá ipò 800. Kò dúró de ìdíje ńlá, ó lọ gbá Challenger, ó gba ti Savannah, ó gba ti Sarasota, ọdún ò tíì parí tó ti wà láàárín 100 tó ga jù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, US Open 2014, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí i lẹ́sẹ̀ ni, ó sì na Raonic ní sẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó parí ní aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 26 lóru, ó na Wawrinka ní sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ó na Djokovic, òun ni ọkùnrin Éṣíà àkọ́kọ́ tó dé fáínà Grand Slam tí ẹnìkan ń kojú ẹnìkan, Cilic ló wá na án níbẹ̀. Ọrùn ọwọ́ tún mú un ní 2017, Challenger náà ló fi padà wá ní 2018, ó sì gba ti Dallas. Ìbàdí ni wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ sí ní 2022, ní 2023 ó gba Challenger ní Puerto Rico lẹ́yìn tí kò ti gbá fún ogún oṣù. Gbogbo ìgbà tó bá ti fara pa, ó máa ń sinmi tán, á sì padà sídìí àkàbà láìtijú. Àwa òbí la máa ń tijú, a ò fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ wa pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ọsàn nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń gbá yẹ́lò.

Ọmọ mi ti pé ọdún 9 báyìí, 25 ínṣì ló ń lò, ọsàn ló ń gbá. Ní gbogbo ìdájí ká tó jáde mo máa ń ní kó na apá ọ̀tún tán, kó wá ká a kó fi ìka kan èjìká ẹ̀ fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ ni mo máa ń wò, mi ò kì í wo apá. Tójú yẹn bá fún pọ̀ bó ti wù kó kéré mọ, a máa gbé rákẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a ò lọ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.