Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá Nínú Ooru Èkó

Ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, tí ó sì ti gba ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, yálà ní ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbóbì tàbí níbòmíràn ní Èkó, ní láti mọ̀ pé àkọ̀ tí kùkùté ẹsẹ̀, ìyẹn ibi tó ṣẹ́kù lára ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, ń wọ̀ ni ìtọ́jú dá lé jù. Ike líle ni àkọ̀ náà, kì í fẹ̀, kì í sì í súnkì. Ṣùgbọ́n ẹran ara ni kùkùté, ó ń wú, ó sì ń fọn, pàápàá jù lọ ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kódà, láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lè fọn débi pé ẹsẹ̀ yóò máa mì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jáde láìmú ìbọ̀sẹ̀ kùkùté méjì tàbí mẹ́ta dání. Bí ẹ bá rí i pé kùkùté ń rì sí ìsàlẹ̀ àkọ̀, ẹ jókòó, ẹ bọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ kan kún ti kùkùté, kí ẹ sì dìde dán an wò; bí ó bá fún jù, ẹ yọ ọ̀kan. Ìbọ̀sẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ká jọ, nítorí pé ìká kékeré kan lè dá egbò sílẹ̀ kí ẹ tó ti Yábàá dé CMS.

Òógùn ló ń yọ wá lẹ́nu jù. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ọkọ̀ dúró lórí afárá, ẹ bọ́ ẹsẹ̀ náà kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu kùkùté àti inú àkọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Alẹ́ ni kí ẹ máa fi ọṣẹ tí kò le fọ kùkùté, nítorí pé awọ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn láàárọ̀ máa ń wú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ àkọ̀. Ẹ fi dígí wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré, torí ó lè ní egbò kí ó má mọ̀ ọ́n lára.

Fóòmù wà nínú gìgísẹ̀ púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ wọ̀nyí, èyí tí ó máa ń rì nígbà tí a bá tẹ ilẹ̀, kí ó lè ṣe bí ọrùn ẹsẹ̀ alààyè. Bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ yóò ti orúnkún síwájú, nítorí náà, ẹ má ṣe pààrọ̀ gíga bàtà láìsọ fún oníṣẹ́ tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Ẹ yẹra fún omi àgbàrá pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì, ẹsẹ̀ tiyín ni kí ó kọ́kọ́ gòkè. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ti àtọwọ́dá ni kí ó ṣáájú. Bí ẹ bá délé tí ẹ bọ́ ọ, tí ibi tó pọ́n kò sì parẹ́ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ má wọ̀ ọ́n mọ́, ẹ má sì gbé e fún ṣobàtà láti ha á. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó ṣe é.