Bí a ṣe ń ṣàyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó sanra jù, àti ohun tó yẹ kí a ṣe sí i

Òbí púpọ̀ ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní Òmù-Àrán ló ti gbọ́ nípa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ni wọ́n kà á sí. Bí ẹnìkan bá sọ fún wọn pé ọmọ ọdún 10 lè ní ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹnu á yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, pàápàá fún ọmọ tó sanra jù: ọ̀rá yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láti ìgbà èwe, láìjẹ́ pé ibì kankan ń dun ọmọ, ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tó yọjú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi hàn. Mo kọ èyí fún òbí tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà, bí wọ́n ṣe ń ka èsì rẹ̀, àti ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ dín kù nínú oúnjẹ ọmọ, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré yọ kúrò kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yọ.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọmọ náà

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá rí rọ̀gbọ̀dọ̀ ni ìyá àgbà máa ń gbóríyìn fún, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ bọ́ bàtà rẹ̀, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, kí ẹ sì ní kó fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹ lè wọn gíga rẹ̀ ní mítà. Ẹ sọ gíga náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tó bá jáde pín ìwọ̀n ọmọ ní kílò. Bí ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 10 bá wọn kílò 45, tó sì ga ní mítà 1.40, 1.40 lọ́nà 1.40 jẹ́ 1.96, bí a bá fi èyí pín 45, a ó rí nǹkan bí 23.

Fún àgbàlagbà, 23 kò burú rárá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Ní ti ọmọ, ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ni a fi ń ṣe ìdájọ́. Lórí àtẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ọmọbìnrin ọdún 10 ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ bí iye náà bá ti kọjá 19, ó sì ti wọ ìsanra tó léwu bó bá kọjá 22.6. Fún ọmọkùnrin ọjọ́ orí kan náà, 18.5 àti 21.4 ni. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ọmọdé lè fi àtẹ náà han yín fún ọjọ́ orí yòówù.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ, abẹ́ abíyá rẹ̀ àti itan rẹ̀. Àwọn ìyá kan máa ń rí i pé ọrùn ọmọ dúdú ju ojú rẹ̀ lọ, wọ́n á rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n á sì fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú gbo ó títí awọ á fi bó, ọmọ á sì máa ké. Bí awọ náà bá nípọn, tó ní ìlà wínníwínní, tó sì rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé insulin, èyí tí ara fi ń darí súgà inú ẹ̀jẹ̀, kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́ lára ọmọ náà, ìṣòro yẹn gan-an ló sì máa ń da ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rú. Ẹ gbé kànìnkànìn sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn.

Àyẹ̀wò náà

Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2023 ni pé kí wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tó sanra jù wò bó bá ti pé ọdún 10. Bí bàbá, ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, tàbí òbí àgbà ọmọ náà bá ti ní àìsàn ọkàn kí ọkùnrin tó pé 55 tàbí kí obìnrin tó pé 65, ẹ má dúró dìgbà yẹn. A lè ṣe é láti ọdún 2. “Lipid profile” ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò. Ó dára kó jẹ́ dókítà ni yóò kọ ìwé rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó fi àyẹ̀wò súgà àti ti ẹ̀dọ̀ kún un, kó sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú òfìfo ni kí ọmọ fi lọ ṣe é. Ohun tó rọrùn jù ni kó jẹun alẹ́ ní agogo méje, kó má jẹ nǹkan kan mọ́ àfi omi lásán, kí ẹ sì wà níbẹ̀ ní agogo méje àárọ̀. Ìyẹn ni wákàtí 12. Ẹni tó bá rò pé ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti ṣe iṣẹ́ yẹn, kó rántí oúnjẹ sààrì tí ọmọ jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ibà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí pé àìsàn máa ń yí iye wọ̀nyí padà. Bí èsì kò bá sì dára, ẹ má tíì sunkún: wọ́n máa ń tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù mẹ́ta, àpapọ̀ méjèèjì tí a pín sí méjì ni dókítà yóò fi ṣiṣẹ́.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ ọ́. Bó bá jẹ́ mmol/L, ẹ sọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù di púpọ̀ pẹ̀lú 38.7, kí ẹ sì sọ triglyceride, irú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mìíràn, di púpọ̀ pẹ̀lú 88.6, kó lè di mg/dL. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ra fún iye tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé ó dára, nítorí ti àgbàlagbà ló sábà máa ń jẹ́. Bí triglyceride ọmọ ọdún 8 bá jẹ́ 120, ìwé lè sọ pé kò sí wàhálà, nítorí pé 150 ni ààlà àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé 10, ó yẹ kó wà lábẹ́ 75, ó sì ti ga bó bá tó 100. Láti ọdún 10 sí 19, ó yẹ kó wà lábẹ́ 90, ó sì ga bó bá tó 130. Ní ti àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, abẹ́ 170 ló dára, 200 ti ga. LDL, irú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan, yẹ kó wà lábẹ́ 110, ó sì ga bó bá tó 130. HDL, irú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó dára, yàtọ̀ sí gbogbo wọn, nítorí pé òun ni a fẹ́ kó pọ̀: kó ju 45 lọ, bó bá wà lábẹ́ 40, ó kéré jù.

Kí a kọ́kọ́ yọ kúrò lẹ́nu ọmọ

Èsì tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọ tó sanra jù ni triglyceride tó ga àti HDL tó kéré, nígbà tí LDL lè má fi bẹ́ẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n bí òbí bá ti gbọ́ “kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù”, ẹyin ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ, lẹ́yìn náà ẹran, ọmọ á sì máa mu ẹlẹ́rìndòdò lọ ní tirẹ̀. Ó ti ṣìnà. Nígbà tí insulin kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀dọ̀ ni yóò máa sọ súgà àti oúnjẹ onítááṣì tó pọ̀ jù di ọ̀rá, tí yóò sì máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹyin sísè kọ́ ni ìṣòro ọmọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun mímu ni kí a kọ́kọ́ mú. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àìsàn ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí súgà tí a fi kún oúnjẹ ọmọ má kọjá gíráàmù 25 lójúmọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ike pé gíráàmù 10 ló wà nínú 100 ml, ike 50 cl ti ní 50 nínú, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ fún odindi ọjọ́ kan. Júùsì inú páálí, sóbò àti kúnú tí wọ́n fi súgà sí, àti tíì tí a bu súgà sí ní àárọ̀ àti ní alẹ́, gbogbo rẹ̀ la ó kà mọ́ ọn. Omi ni kí ọmọ máa mu. Èyí nìkan, bí ẹ bá lè ṣe é ní tòótọ́, lè mú kí triglyceride wálẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwo. Kò sí ìdí láti lé àmàlà tàbí ẹ̀bà kúrò nílé. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ilá tàbí ewédú pọ̀ sí i, kí gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà sísè sì máa wọ ilé lemọ́lemọ́, nítorí pé ẹ̀wà máa ń bá wa dín LDL kù. Mósà, àkàrà àti dùǹdú inú epo gbígbóná kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Wàrà, tí a kò lè bá ará Ìlọrin sọ pé kó fi sílẹ̀, wàrà màlúù ni, ọ̀rá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ẹ dín in nínú òróró, ọ̀rá ti di méjì. Ẹ fi í sínú ọbẹ̀ láìdín in, kó sì jẹ́ ègé kan tàbí méjì.

Ọ̀rọ̀ epo ń fẹ́ àlàyé díẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sára kẹ́ẹ̀gì òróró pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Kò sí epo tó ti ara igi tàbí koríko jáde tó ní in, nítorí náà ìpolówó náà kò sọ nǹkan kan fún wa. Ohun tó kàn wá ni irú ọ̀rá tó wà nínú epo: nǹkan bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú èyí tó ń gbé LDL sókè, ti òróró ẹ̀pà sì kéré sí i gan-an. A kò ní torí ìyẹn pa epo pupa tì, ṣíbí ni kí a máa fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe dídà láti inú ìgò. Nígbà Iléyá, ẹ gé ọ̀rá ara ẹran kúrò kí ó tó wọ ìkòkò.

Gbogbo ilé ni kó jọ jẹ oúnjẹ kan náà. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀bọ̀, tí wọ́n tún ya àwo tirẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń mu ẹlẹ́rìndòdò lójú rẹ̀, yóò lọ jẹun ní kọ̀rọ̀ ni. Ẹ má fi ebi pa á pẹ̀lú. Ó ṣì ń dàgbà, nígbà mìíràn bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan tí gíga rẹ̀ sì ń lé sí i, ó ti tó.

Ọmọ nílò eré tó ń mú kó mí gúlegúle fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, òun ló sì ń ran HDL lọ́wọ́. Níbí, ilé ìwé ni àárọ̀, ilé kéwú ni ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá ni alẹ́, ìjókòó sì ni gbogbo rẹ̀. Bí ilé kéwú kò bá jìnnà, tí ọ̀nà sì dára, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ, kó má gun ọ̀kadà. Bọ́ọ̀lù, okùn fífò àti tẹntẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Bí LDL bá tó 190, tàbí tó tó 160 tí àìsàn ọkàn sì ti mú ẹnìkan nínú ẹbí ní kékeré, ó lè jẹ́ àjogúnbá. Ìdajì àwọn ọmọ òbí tó ní irú rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó jogún rẹ̀, tó fi mọ́ èyí tó tín-ín-rín nínú wọn, nítorí náà ẹ yẹ gbogbo wọn wò. Àìsàn kíndìnrín, àtọ̀gbẹ àti àìṣedéédéé ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì náà máa ń gbé ọ̀rá sókè. Bí triglyceride bá sì tó 500, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà láìjáfara, nítorí pé ó lè dá ìnira ńlá sílẹ̀ nínú ikùn ọmọ.

Oògùn tí bàbá àgbà ń lò fún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, àgbo kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ sábà máa ń dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún 10, tí yóò sì ti gbìyànjú àtúnṣe oúnjẹ àti eré fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà náà ni kí ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, ní yàrá àyẹ̀wò kan náà bó bá ṣeé ṣe, pẹ̀lú ìwé èsì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ kí dókítà lè fi méjèèjì wé ara wọn.