Páálí ìwé òkú mẹ́ta

Òkú ni mo fi ń jẹun, ẹ má bẹ̀rù. Ní Ṣómólú tí ṣọ́ọ̀bù wa wà, kò sí ohun tí a kì í tẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, rìsíìtì, ṣùgbọ́n ìwé òkú ló ń mówó wọlé jù: pósítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ìwé ètò ìsìn, bánà ẹnu géètì. Èmi ni mò ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yí ẹ̀rọ.

Àríyànjiyàn ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí látìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà onírin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yọjú wo pósítà kan tí mò ń ṣe lọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Láyé tiwa, ta ló ń kú jẹjẹrẹ? Ibà ni, tàbí kí ayé ṣe èèyàn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, oúnjẹ inú agolo lẹ fi kó o wọ̀lú."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí gbogbo ìwé òkú tí ẹ ti tẹ̀ ń bẹ lókè àjà? Ẹ jẹ́ n lọ kà á, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí ikán bá ṣẹ́ ẹ kù fún ọ."

Òótọ́ ni, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi pamọ́ látìgbà tó ti dá dúró. Lọ́jọ́ Àìkú kan (ẹ wo orúkọ ọjọ́ tí mo fi ń ka òkú) mo gbé páálí mẹ́ta sọ̀kalẹ̀, mo ṣí nótìbúùkù, mo fa ìlà sí ọ̀nà mẹ́ta: ọdún tó kú, ọjọ́ orí, ohun tó pa á.

Àwọn ìwé ìsàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Rúlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń ya wọ́n, wọ́n sì ń rùn bí aṣọ tí òjò pa tí wọn ò sá. Àwọn bàbá onífìlà abetí-ajá àti àwọn ìyá onígèlè ń wò mí látinú fọ́tò dúdú-òun-funfun. Ìlà kìíní kún kíá. Ìkejì náà kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún" pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú àwọn tó pẹ́, torí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ìlà kẹta ló dá mi lágara. Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Ó sùn nínú Olúwa. Ó jẹ́ ìpè Ọlọ́hun. Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Odidi páálí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí jẹjẹrẹ, nínú ìwé ìyá olùkọ́ kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀. Tí èèyàn bá gba àwọn ìwé yẹn gbọ́, àìsàn kan péré ló ń pa ará Èkó, Ránpẹ́ sì ni orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, mo ti mọ̀ pé páálí Ọ̀gá kò lè dá ẹjọ́ yìí. Mo bá ra dátà, mo wá ilẹ̀ tí dókítà ti ń kọ ohun tó pa òkú sílẹ̀ tipẹ́. Amẹ́ríkà ni mo mú, nítorí pé ìjọba wọn to ti wọn síta láti 1950 wá, wọ́n sì pín in sí ọjọ́ orí.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Iye òkú ni ojú mi lọ bá. Ní 1991, jẹjẹrẹ pa èèyàn tó lé ní 510,000 lọ́hùn-ún. Ní 2022, wọ́n ti lé ní 600,000. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo sáré lọ bá Ọ̀gá: "Ẹ jàre, sà." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra àmàlà àti ṣàkì fún mi.

Àmàlà yẹn kò tíì dà nínú mi tí mo fi rí nọ́ńbà míì tí mo ti fò dá. Òkú 215 nínú èèyàn 100,000 ní 1991. Nǹkan bí 142 ní 2022. Iye òkú gòkè, síbẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wálẹ̀. Báwo?

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti ṣe àtúnṣe fún ọjọ́ orí. Kò yé mi. Mo mú ìwé kan tí ẹ̀rọ ti bà jẹ́, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo fi bírò ṣe é fúnra mi. Ká ní àdúgbò kan ní èèyàn 1,000: àgbà 100, ọ̀dọ́ 900. Jẹjẹrẹ pa 10 nínú àgbà, ó pa 9 nínú ọ̀dọ́. Òkú 19. Ọgbọ̀n ọdún kọjá, àdúgbò yẹn náà ni, èèyàn 1,000 náà ni, àmọ́ ẹ̀mí ti ń gùn: àgbà di 300, ọ̀dọ́ di 700. Ká tún ní ewu orí àgbà ti dín, kì í ṣe 10 nínú 100 mọ́, ó di 8. Ti ọ̀dọ́ ṣì wà ní 1 nínú 100. Àgbà 24 kú, ọ̀dọ́ 7 kú. Òkú 31! Ewu dín, pósítà pọ̀. Àwọn tó dàgbà débi tí jẹjẹrẹ ti ń wá èèyàn ló pọ̀ sí i. Àtúnṣe tí wọ́n ń wí kò ju pé kí a ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé iye àgbà àti iye ọ̀dọ́ kò yí padà. Ní Amẹ́ríkà gan-an, àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 31 ní 1990. Ní 2022 wọ́n ti tó mílíọ̀nù 58.

Mo wá pa gbogbo ìyẹn tì, mo wo àgbà nìkan. Nínú 100,000 èèyàn tó wà láàárín ọdún 65 sí 74, nǹkan bí 693 ni jẹjẹrẹ pa ní 1950. Ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di 872 ní 1990. Ibẹ̀ ló ti yíjú: 816 ní 2000, 666 ní 2010. Ọ̀gá kò kúkú parọ́ tán. Ogójì ọdún gbáko ló fi ń lé sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti pé 85 sókè, tiwọn kò tètè yí. 1,753 ní 1990, ó tún gun 1,819 ní 2000, kó tó rọra padà sí nǹkan bí 1,730 ní 2010.

Mo jókòó ti ìlà yìí pẹ́, títí wọ́n fi mú iná lọ. Ẹni tó pé 85 ní 2000, 1915 ni wọ́n bí i. Ìgbà tí sìgá ń ràn bí iná ọyẹ́ ló ṣe ọ̀dọ́. Ìwé tí ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba wọn fi kìlọ̀ pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, 1964 ló jáde. Onítọ̀hún ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Sìgá kì í sì í gba gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó lè fi ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún dúró de èèyàn. Nǹkan mìíràn ni pé àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tó ń pa wọ́n ní ọgọ́ta ọdún ti rọlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn ló wá dàgbà pàdé jẹjẹrẹ. Sìgá tó dín kù ló fa ìwálẹ̀ náà jù. Àyẹ̀wò ìfun ńlá, àyẹ̀wò ọmú àti ìtọ́jú tó dára sí i ló kún un.

Tilé wá ńkọ́? Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ṣírò pé nǹkan bí 79,000 èèyàn ló pa ní Nàìjíríà ní 2022. Ti ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ ló ń ṣe obìnrin jù, ti prositéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló ń ṣe ọkùnrin jù. Ṣírò ni mo wí o, wọn kò kà á. Àkọsílẹ̀ ìlú díẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin tó ní ká máa forúkọ òkú sílẹ̀ ti wà láti 1992, àmọ́ ọ̀pọ̀ òkú ló ń tilé lọ sítẹ̀ẹ́ láì gba iwájú akọ̀wé kankan kọjá. Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn, 2006 ni. A ò ka òkú, a ò ka alààyè. Ibo la ti fẹ́ fa ìlà àádọ́ta ọdún yọ?

Ibi tí Ọ̀gá ti jẹ̀bi pátá ni "láyé tiwa" yẹn. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n ti ń kọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kí òun tó kọ́ṣẹ́ rárá. Mo gbé ìwé tí mo fi ṣírò lọ bá a. Ó wọ awò rẹ̀, ó tọ ìlà àgbà 300 yẹn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọmọ ìka, ó ní kí n dá àmàlà òun padà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti jáde, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Àyẹ̀wò prositéètì yẹn, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà?" Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, sà. Ó ti pé ẹni ọdún 70. Lọ́sẹ̀ yẹn náà la jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ gbà á.

Èmi náà kò da nótìbúùkù nù. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan mú fọ́tò bàbá rẹ̀ wá, ẹni ọdún 71, ó ní kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kí ló ṣe bàbá gan-an?" Ó wo ẹ̀yìn. "Prositéètì ni. Ẹ má fi síbẹ̀ o." Mo kọ ọdún, ọjọ́ orí àti prositéètì sílẹ̀, n kò kọ orúkọ. Lẹ́yìn náà mo yíjú sí kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ fọ́tò náà: lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́.