Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ajá Tó Jogún Òkúta Inú Ìtọ̀, Kó Má Baà Dé Ara Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Akọ ajá mi, irú ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Boerboel, gbé ẹsẹ̀ sókè lára ògiri lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣàgámù. Ó ń tiraka, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀kán méjì péré ló bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé ní àtọ̀sí ni, kí n se àgbo. Òkúta ló dí ojú ìtọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má dúró dọ̀la. Ọ̀nà ìtọ̀ akọ ajá gba inú eegun kọjá, kò sì lè fẹ̀. Ibẹ̀ ni òkúta máa ń há sí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn, wà ní Abẹ́òkúta fún ẹni tí kò bá rí dókítà nítòsí. Ẹ ní kí wọ́n ṣe skáànù, nítorí X-ray lásán kì í sábà fi òkúta irú èyí hàn. Èyí tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí òkúta kì í ṣe oríṣi kan.

Èyí tí ajá ń jogún lára òbí rẹ̀ ni mò ń sọ. Uric acid, ìdọ̀tí inú ara tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ yí padà, ń dà lọ sínú ìtọ̀, ó sì ń dì. A ti rí i lára Boerboel àti Alsatian, àwọn ajá tí a fi ń ṣọ́ géètì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ.

Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, omi lẹ ó kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ da omi sí oúnjẹ rẹ̀ títí yóò fi ṣàn bí gààrí tí omi pọ̀ lójú ẹ̀. Kí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ bí omi. Bó bá pọ́n, omi kò tíì tó. Ẹ má tì í mọ́ àgọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kó má baà mú ìtọ̀ mọ́ra.

Oúnjẹ ló nira jù. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí a ń rà lọ́pọ̀ ní Òkè-Ajé, nítorí wọn kò wọ́n, ni kó kúrò nínú àwo rẹ̀, pẹ̀lú sàdíìnì àti ṣáwá, torí gbogbo wọn ló ń mú uric acid pọ̀. Ìrẹsì àti ẹyin sísè ló dára. Bí dókítà bá kọ allopurinol, oògùn tó ń dín uric acid kù, ẹ má fún un láìyí oúnjẹ padà, torí ó lè di òkúta oríṣi mìíràn.

Kó tó gun abo kankan, ẹ ṣàyẹ̀wò ìran (DNA) àwọn méjèèjì. Òwú tí a fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó. Ajá tó gbé àbùkù yìí lára láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo lè má ṣàìsàn rárá. Bí irú wọn méjì bá pàdé, nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan lè ní òkúta, méjì á gbé e, ọ̀kan á mọ́, tí kò gbé e rárá. Ẹni tó gbé e kò gbọdọ̀ gun àfi ẹni tó mọ́. Èyí tó ti ní i, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, bí ìlà rẹ̀ tilẹ̀ dùn ún wò.

Dalmatian, ajá funfun alámì tóótòòtóó, ti jogún rẹ̀ débi pé ẹni tó mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú wọn. Ní 1973, Robert Schaible, onímọ̀ nípa àjogúnbá ní Amẹ́ríkà, pa wọ́n pọ̀ mọ́ Pointer kan ṣoṣo, irú ajá mìíràn, ó sì ń dá àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ Dalmatian láti ìran dé ìran, títí àwọn tó mọ́ fi yọ.

Bí ajá yín bá ti bímọ kí ẹ tó mọ̀, ẹ pe gbogbo àwọn tó ra ọmọ, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn.