Bí Mo Ṣe Rí Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Tí Mo Kọ́kọ́ Ṣe

Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ayé ṣì nílò nọ́ọ̀sì mílíọ̀nù 5.9 sí i. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á rò pé gbàrà tí nọ́ọ̀sì bá ti gba ìwé àṣẹ ni àwọn ilé ìwòsàn yóò máa du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún èmi àtàwọn tá a jọ jáde. Ìpolówó iṣẹ́ tí a bá ti rí, ìrírí ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń béèrè. Ibo lèèyàn ó ti wá rí ìrírí ọ̀hún nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́? Ó dùn mí wọra, torí mo mọ iṣẹ́ yìí, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kí ó là mí lóye. Ó ní ti pé òṣìṣẹ́ kò tó ní wọ́ọ̀dù kò sọ pé àyè iṣẹ́ wà. Ìgbà tí owó oṣù bá wà nílẹ̀ ni àyè ń wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sì tún gbọ́dọ̀ ní àgbà tí yóò máa dúró tì í fún oṣù mélòó kan. Wọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì méjì péré ló ń bá ilẹ̀ mọ́ níbẹ̀, ta ni yóò yọ̀ǹda fún un? Ọ̀rọ̀ yìí yí ojú tí mo fi ń wo ìpolówó padà. Àwọn tó ń béèrè ìrírí kò kórìíra wa, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ohun tó kù mí kù ni kí n fi hàn wọ́n pé ọkàn wọn lè balẹ̀ lórí mi.

CV ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí, tí a ó wá fi ibi ìrírí sílẹ̀ lófìfo, bí ẹni pé eré la lọ ṣe ní gbogbo wọ́ọ̀dù tí wọ́n rán wa lọ. Mo mú ìwé tí àwọn àgbà ń fọwọ́ sí fún wa nígbà tá a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, mo sì tú u wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Mi ò kàn kọ ọ́ pé mo dé wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Mo kọ ọ́ pé mo tọ́jú aláìsàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ àbójútó, pé mo wẹ egbò, mo fún wọn lóògùn, mo ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti mímí wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo sì ń ròyìn wọn fún àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìrírí nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé kì í ṣe ìrírí kò mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù tí mo lò kẹ́yìn pé kí ó jẹ́rìí sí mi. Ó gbà.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń ṣe ìdánwò ìṣírò oògùn kí wọ́n tó bá èèyàn sọ̀rọ̀ rárá, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é. Bí dókítà bá ní kí á fún aláìsàn ní mílígíráàmù 75, tí èyí tó wà nínú ìgò sì jẹ́ mílígíráàmù 100 nínú mílílítà 2, 75 la ó fi 100 pín, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 2: mílílítà 1.5. Bí omi mílílítà 1,000 bá ní láti wọ ara láàárín wákàtí 8, tí ẹ̀kán 20 sì jẹ́ mílílítà kan, nǹkan bí ẹ̀kán 42 ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Mo ń ṣe é títí tí mi ò fi nílò ẹ̀rọ ìṣírò mọ́.

Mi ò sì kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá nìkan. Mo kọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́, àti ilé ìwòsàn kéékèèké. Àwọn kan ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nílé àgbàlagbà yóò gbàgbé iṣẹ́. Mi ò gbà. Egbò tó le jù, ìtọ̀ ṣúgà, oògùn oríṣi mẹ́wàá fún ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ló pè mí. Ìbéèrè tó gba àkókò jù rèé: aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ìfúnpá rẹ̀ ń já wálẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, ara rẹ̀ tutù, kí lo máa ṣe? Mo ní mi ò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Màá pe ìrànlọ́wọ́, màá wò ó bóyá ó ń mí dáadáa, màá fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, màá ṣí aṣọ wo ojú ọgbẹ́, màá sì wo abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn lọ sẹ́yìn láìjẹ́ pé a rí i níwájú. Wọ́n ní kí n sọ bí màá ṣe bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo tẹ̀ lé ìlànà SBAR, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wá kó tó dé ilé ìwòsàn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí mo rò pé ó fà á, àti ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe. Mo parí rẹ̀ báyìí: "Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nísinsìnyí." Mátírọ́nù tó jókòó níwájú mi kọ nǹkan sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn gbà mí, mo béèrè ẹni tí yóò dúró tì mí, mo sì béèrè ìgbà tí wọn yóò tó fi èmi nìkan sí iṣẹ́ alẹ́. Ẹ má ṣe tijú àtibéèrè èyí, ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Wọ́n dárúkọ nọ́ọ̀sì àgbà kan fún mi, wọ́n sì ní ọ̀sán nìkan ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú.