Irin Tó Yẹ fún Mánífóòdù Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Tó Ti Dàgbà

Kí ẹ tó náwó lórí mánífóòdù tuntun, ìyẹn irin oníhò tó ń kó èéfín láti inú ẹ́ńjìnì lọ sínú páìpù sàlẹ́ńsà, ẹ tú èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ibi tó ti bàjẹ́ ló máa sọ irú irin tí ẹ nílò. Bó bá sán láàárín àwọn ihò tó wà ní àárín gbùngbùn, ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀, irin ò sì ríbi fẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ sítọ́ọ̀dù (ọ̀pá bóòtì tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnì) ìkángun méjèèjì ló ń kán, mánífóòdù náà ń gùn, ó ń súnkì, ihò bóòtì ò sì fún un láyè. Bó bá lu láti inú wá, omi ló jẹ ẹ́. Èyí wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n kàn ń gbé rin ìrìn kúkúrú, tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ kì í gbóná pẹ́ tó láti lé omi inú rẹ̀ jáde.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo dídán irin. Ohun mẹ́ta ló yẹ ká wò: bí ooru ṣe máa pọ̀ tó, bí irin ṣe ń gùn tó tó bá gbóná, àti ìwúwo ohun tó máa gbé. Lára ẹ́ńjìnì onípẹtiróòlù tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì), gáàsì tó ń jáde lè gbóná ju 800°C lọ tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn dáadáa. Tí tọ́bò bá wà níbẹ̀, ó lè kọjá 900°C. Irin mánífóòdù fúnra rẹ̀ kì í gbóná tó gáàsì inú rẹ̀, àmọ́ tọ́pù sílíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì tó fara tì, tutù jù ú lọ fíìfíì, torí omi ń tù ú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mánífóòdù tó gùn tó 600 mm, irú èyí tó máa ń wà lára ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra. Bí ooru rẹ̀ bá fi 500°C lé sí i, tó bá jẹ́ káàsì (cast iron, irin tí wọ́n yọ́ kí wọ́n tó dà á), yóò fi nǹkan bíi 3.6 mm gùn sí i. Tó bá jẹ́ sténlẹ́ẹ̀sì (irin tí kì í tètè pẹtà) irú tí wọ́n ń pè ní 304, yóò lé ní 5 mm. Tọ́pù sílíńdà aluminium tí wọ́n dè é mọ́ kò ní gùn ju nǹkan bíi 1 mm lọ. Ìyàtọ̀ yìí ló ń ṣẹ́ sítọ́ọ̀dù, òun ló ń jẹ gásíkẹ́ẹ̀tì (ìtẹ́lẹ̀ tó ń dí àárín irin méjì), òun náà ló ń la ojú wẹ́ẹ̀dì. Jaguar E-Type pín ti ẹ̀ sí méjì, káàsì tí wọ́n fi ẹnámẹ́ẹ̀lì bò, sílíńdà mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mánífóòdù bá kúrú, gígùn tó máa fi kún ara rẹ̀ náà á kéré.

Káàsì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lò, ẹ má sì fojú kéré rẹ̀. Ó wúwo, kì í pariwo, kì í sì í tètè yí padà. Tí ọkọ̀ yín kò bá ní tọ́bò, tí ẹ sì fẹ́ kó rí bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́, káàsì tuntun ló dáa jù. Ẹ béèrè irú káàsì tó jẹ́. Káàsì eléérú ti àtijọ́ máa ń sán lójijì. Ti ductile, irú tó ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó sán, tí wọ́n fi silicon tó tó ìdá 4 nínú 100 àti molybdenum díẹ̀ sí ń fara da ooru jù ú lọ. Fún tọ́bò tó ń gbóná gan-an, káàsì tí wọ́n ń pè ní Ni-Resist D5S wà, èyí tí nickel inú rẹ̀ tó ìdá 35 nínú 100. Owó rẹ̀ ga, àmọ́ ó ń pẹ́. Ní ti wíwẹ́ẹ̀dì káàsì tó ti sán, ó ṣeé ṣe: ọ̀pá nickel ni wọ́n ń lò, wọ́n á kọ́kọ́ mú gbogbo rẹ̀ gbóná, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, lára mánífóòdù, ẹ̀gbẹ́ ojú wẹ́ẹ̀dì náà ló sábà máa ń tún sán sí. Àyàfi tí òmíràn ò bá sí mọ́ rárá la fi lè dá a lábàá.

Irin lásán, èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní mild steel, kì í gùn ju káàsì lọ púpọ̀, ó sì rọrùn láti wẹ́ẹ̀dì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé tó bá ti kọjá nǹkan bíi 550°C, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí bó ní èèpá-èèpá. Tí tọ́bò bá wà níwájú rẹ̀, èèpá yẹn á lọ máa gbá abẹ̀bẹ̀ tọ́bò. Ẹ fi sẹ́rámíìkì tó ń gba ooru kun un nínú àti lóde. Ọ̀dà lásán á jó dànù. Ẹ má fi aṣọ tí wọ́n ń wé sàlẹ́ńsà wé e, torí aṣọ náà máa ń gba omi dúró, ó sì ń mú kí ooru ara irin pọ̀ sí i. Páìpù tí wọ́n ti fi zinc bò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ yìí: èéfín zinc máa ń ṣe wẹ́dà léṣe.

Sténlẹ́ẹ̀sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù, torí bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Irú tí wọ́n ń pè ní 409 ní chromium tó tó ìdá 11 nínú 100. Òòfà ń mú un, ara rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ìpẹtà rẹ̀ kì í sì í jinlẹ̀. Ohun tó dáa lára rẹ̀ ni pé gígùn tó ń gùn kò ju ti káàsì lọ. Bí ooru bá ń lọ tó ń bọ̀, ó ń fara dà á dé nǹkan bíi 815°C. Fún ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, a fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

304 ló ń dán. Ìdá 18 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ chromium, ìdá 8 jẹ́ nickel, ó sì ń dé 870°C. Ìpẹtà kọ́ ló ń pa á. Ó ń gùn ju káàsì lọ ní nǹkan bí ìdajì, tó bá sì pẹ́ láàárín 425 sí 860°C, chromium inú rẹ̀ á lọ so mọ́ carbon lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ á wá di aláìlágbára. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ̀dì ló ti ń sán, kì í ṣe orí rẹ̀. 321 ní titanium díẹ̀ tó ń di carbon náà mú. Fún tọ́bò, òun ni kí ẹ mú, kí wẹ́dà sì fi ọ̀pá ER347 jó o. Ṣùgbọ́n òun náà ń gùn bíi 304, nítorí náà ìṣòro sítọ́ọ̀dù kò tíì lọ.

Inconel 625, irin tí nickel pọ̀ jù nínú rẹ̀, dára ju gbogbo wọn lọ nínú ooru, ọkọ̀ ìdíje ni owó rẹ̀ bá mu. Titanium Grade 2, ẹ fi í sí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà: ooru mánífóòdù ga jù fún un.

Ẹ fi òòfà dán ohun tí wọ́n bá tà fún yín wò. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn gbọingbọin níbi gbogbo, 409 tàbí irin lásán ni. Ara 304 kì í gba òòfà, àfi níbi tí wọ́n ti tẹ páìpù, tó lè fà á díẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Òòfà kò lè yà sténlẹ́ẹ̀sì 201, tó rẹlẹ̀ jù, sọ́tọ̀ kúrò lára 304, torí náà ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí irin lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ní ti nínípọn, páìpù 1.5 sí 1.6 mm ló yẹ ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò. 1.2 mm fúyẹ́, àmọ́ ó ń pariwo, ó sì tètè ń sán. Tí tọ́bò bá máa rọ̀ mọ́ ọn, ẹ lo páìpù schedule 10, tó nípọn tó nǹkan bíi 2.8 mm, kí ẹ sì fi irin àtìlẹ́yìn de tọ́bò mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Láìsí irin yẹn, 321 náà máa sán. Fúláǹjì, ìyẹn pẹlẹbẹ irin tí wọ́n fi ń de mánífóòdù mọ́ ẹ́ńjìnì, kò gbọ́dọ̀ dín ní nǹkan bíi 10 mm, kí wọ́n sì dè é mọ́ irin tó nípọn kí wọ́n tó jó o, kó má baà wọ́.

Ẹ tan iná sínú páìpù kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yìn wẹ́ẹ̀dì sténlẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀. Bó bá dúdú, tó ṣe kókó-kókó bíi ṣúgà tó jóná, wẹ́dà kò fi gáàsì argon kún inú páìpù nígbà tó ń jó o. Kókó yẹn ní ihò nínú, ibẹ̀ ni sísán á ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ Porsche 911 tí afẹ́fẹ́ ń tù, ẹ rántí pé ara sàlẹ́ńsà ni ooru tí wọ́n fi ń mú inú ọkọ̀ móoru ti ń wá. Tí ẹ bá fi páìpù lásán rọ́pò ohun tó wà níbẹ̀, ooru yẹn lọ nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ gbé irin tó gún régé lé ojú fúláǹjì, kí ẹ fi féẹ̀lá gééjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wọ̀n ọ́n. Bí 0.1 mm bá ń wọlé ní ojú ihò kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fá a kó tẹ́jú. Ihò bóòtì àárín nìkan ni kó mú bóòtì rẹ̀ dáadáa. Ẹ fẹ àwọn ti ìkángun ní 1.5 sí 2 mm síhà gígùn. Ẹ lo nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi kọ́pà bò. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, kí ẹ máa lọ síta, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, dé iye tí ìwé ọkọ̀ yín sọ. Tó bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, tó sì ti tutù pátápátá, ẹ tún un dè, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn nǹkan bíi 500 km.