Gbúre àti Ẹfinrin Nínú Ike Ọ̀dà: Bí A Ṣe Ń Gbìn Wọ́n Sínú Omi Láìsí Ilẹ̀

Ọ̀nà ìgbìn yìí kò nílò iná NEPA, kò sì nílò ẹ̀rọ tí ń fa omi. Irú hydroponics (ọ̀gbìn inú omi) tí Bernard Kratky gbé jáde ní Yunifásítì Hawaii nìyí. Bí ewébẹ̀ ṣe ń mu omi inú ike ni omi ń fà wálẹ̀. Àlàfo á ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ọmọrí, gbòǹgbò tó bá wà nínú àlàfo náà á sì máa mí.

Ẹ wá ike ọ̀dà lítà 20 tó ní ọmọrí, ife ike kékeré mẹ́rin, fóòmù tìmùtìmù àtijọ́ àti òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù. Ajílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: Masterblend 4-18-38 (àpòpọ̀ ajílẹ̀ oníyẹ̀fun), calcium nitrate (ajílẹ̀ tó ní calcium àti nitrogen) àti iyọ̀ Epsom (magnesium sulphate). Ẹ fi NPK oko àgbàdo sílẹ̀ o. Urea tó wà nínú rẹ̀ ń fẹ́ kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di ohun tí ewébẹ̀ lè fi ara gbà dáadáa, ike ọ̀dà ò sì ní irú wọn tó.

Ẹ kun ẹ̀yìn ike náà ní dúdú, kí ẹ tún kun funfun lé e. Dúdú ń dí ìmọ́lẹ̀, funfun ń lé ooru. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ráyè wọlé, omi á di àwọ̀ ewé, á sì máa yọ̀.

Gbúre ò nílò irúgbìn. Ọ̀pá tí ẹ já ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀ tán gan-an ni kí ẹ lò, bó bá ṣì le. Ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, kí ojú ibi tí ẹ gé wà lábẹ́ oríkèé kan. Ẹ já gbogbo ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀pá náà sínú omi lásán níbi òjìji, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì. Bákan náà lẹ máa ṣe ẹfinrin, àmọ́ ó lè pẹ́ ju gbúre lọ. Nígbà tí gbòǹgbò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó ti tó gbé wọ ike.

Ẹ wọn omi lítà 20 sínú báàfù. Omi òjò ló dára jù. Omi kànga tó bá níyọ̀ lẹ́nu, ẹ má lò ó. Ẹ yọ́ Masterblend gíráàmù 12, lẹ́yìn náà iyọ̀ Epsom gíráàmù 6, kí ẹ tó da calcium nitrate gíráàmù 12 sí i. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ́ tán kí òmíràn tó wọlé. Bí ẹ bá po gbogbo wọn pọ̀ nínú ife omi kan, ohun funfun bí ẹfun á rì sísàlẹ̀: calcium ti dì mọ́ sulphate àti phosphate nìyẹn, gbòǹgbò ò sì ní rí wọn mu mọ́. Ẹ fi bébà ìdánwò wo pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí), 5.5 sí 6.5 là ń fẹ́.

Ẹ lu ihò mẹ́rin sí ọmọrí fún gbúre. Ẹfinrin ń gbòòrò, ọ̀kan péré ló yẹ kó dá ike kan ní. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ara ife, ẹ fi fóòmù di ọ̀pá mú nínú rẹ̀, ẹ ki ife bọ ihò ọmọrí, kí ẹ rọ omi ajílẹ̀ sínú ike títí tí yóò fi kan ìdí ife. Oòrùn òwúrọ̀ wákàtí márùn-ún tó. Oòrùn ọ̀sán á se omi inú ike. Omi gbígbóná kì í ní atẹ́gùn púpọ̀, gbòǹgbò á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á máa rùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọ́n á rí i pé omi ti lọ sílẹ̀, wọ́n á sì rọ ọ́ kún dé ẹnu. Gbòǹgbò tó ti mọ́ lára láti máa mí nínú afẹ́fẹ́ á rì, ewé á sì rọ lọ́jọ́ kejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kún ike. Ẹ dúró kó ku ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ rọ ọ́ dé ìdajì péré, kí ajílẹ̀ inú omi tuntun náà sì jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́, torí ewébẹ̀ ń mu omi ju ajílẹ̀ lọ nígbà ooru.

Bí ewé tuntun bá pọ́n bí ìyeyè tí iṣan rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ wo pH. Ó ti ga jù, irin ò sì dé ọ̀dọ̀ ewé. Ẹ̀kán ọsàn wẹ́wẹ́ lè fà á wálẹ̀, àmọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ni, ẹ óò tún wò ó.

Ẹ dí gbogbo ihò ọmọrí tó ṣẹ́ kù pẹ̀lú fóòmù, nítorí ẹ̀fọn. Bí ìdin rẹ̀ bá ti wà nínú omi, ẹ da omi náà sídìí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ata inú ọgbà, ẹ fọ ike, kí ẹ po tuntun.